Bí A Ṣe Ń Tún Ibi Ìkẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ṣe Láti Bá Ìfẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mu

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi yàrá ìkàwé tí àga pọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, tí ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ìwé lórí itan, ti sọ èrò rẹ̀ nípa yàrá náà láìla ẹnu. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọgbà yunifásítì èyíkéyìí, yálà ti ìjọba bíi Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2006 tí olú-ọgbà rẹ̀ sì wà ní Òṣogbo, tàbí ti aládàáni. Kí a tó ra àga tuntun kankan, a ó kọ́kọ́ ka iye ènìyàn tó wà ní ibi kọ̀ọ̀kan ní aago 10 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán àti aago 8 alẹ́, ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí ìdánwò àti ní ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìbéèrè nìkan kò tó, nítorí ẹni tí a bi léèrè lè dárúkọ ẹ̀rọ amúlétutù, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́ ni pé ó ń wọ́ àga lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ibi tí a bá àga ní ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ẹ̀rí tó dájú ju ìdáhùn lọ.

Ní Òṣogbo, a kò gbọ́dọ̀ fojú fo ooru àti òjò. Oòrùn ọ̀sán máa ń wà lókè orí gan-an, òrùlé ni ó sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀. Páànù tí kò ní sílíǹgì lábẹ́ yóò da ooru náà lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Páànù kan náà yìí ni òjò máa ń lù títí tí ohùn olùkọ́ kò fi ní dé ìjókòó ẹ̀yìn. Àtúnṣe kan ló lè wo méjèèjì sàn: kí a fi sílíǹgì sí i, kí a tẹ́ ohun tí ń dí ooru àti ariwo lé e lórí, kí a sì dá ihò sí abẹ́ etí òrùlé kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn lára ilé tuntun ni ó yẹ kó kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà wọ fèrèsé tààrà. Ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò ṣeé yí, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí igi lè ṣíji bò ó ní ìwọ̀-oòrùn. Ó dunni pé igi gan-an ni a sábà ń kọ́kọ́ gé bí iṣẹ́ ilé kíkọ́ bá dé.

Ní ti ariwo, ẹni tó fẹ́ dá kàwé àti àwọn márùn-ún tó fẹ́ jíròrò iṣẹ́ wọn kò lè jọ wà lójú kan náà. A ó ya ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ìjíròrò, pẹ̀lú tábìlì tó ṣeé gbé kiri, kí inú lọ́hùn-ún lè pa rọ́rọ́. Bẹ́ǹṣì tí a kàn mọ́lẹ̀ kò gba irú ètò bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í dìbò lé lórí. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara gbọ́dọ̀ wà, bí ẹnì kan ṣoṣo tilẹ̀ ni yóò lò ó: bí ibẹ̀ bá fi mítà 1 ga, kí ọ̀nà náà gùn tó mítà 12, ó kéré tán.

Yàrá kan ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe, a ó sì tún ka ènìyàn inú rẹ̀ ní àwọn aago mẹ́ta yẹn fún odindi sáà kan. Bí ó bá ṣì ṣófo, ohun tí a tún ṣe kọ́ ni ó ń lé wọn jáde, a ó sì padà lọ bá àwọn tó jókòó sábẹ́ igi.