Kí ló dé tí ilẹ̀kùn Mercedes-Benz 300 SL fi ń ṣí sókè bí ẹyẹ tó na ìyẹ́?

Ìbéèrè: Ṣé torí ẹwà ni wọ́n ṣe so ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ òrùlé?

Ìdáhùn: Rárá o, kò sọ́nà míì ni. Mọ́tò ìdíje ni 300 SL kọ́kọ́ jẹ́, ní ọdún 1952. Kò tíì pẹ́ tí ogun parí nígbà náà, owó ò sì tó nílé iṣẹ́ Mercedes. Ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀ ni Rudolf Uhlenhaut, ẹnjiníà wọn, ní láti lò, ìyẹn ti mọ́tò ńlá 300 tí àwọn olóṣèlú Jámánì ń gùn. Ẹ́ńjìnnì náà wúwo, kò sì lágbára tó ti àwọn tí wọ́n fẹ́ bá figagbága. Ara ọkọ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti lè dín ìwúwo kù.

Uhlenhaut wá jó àwọn páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta, ó fi ṣe egungun ọkọ̀ tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 50 péré. Kí egungun yẹn má baà yẹ̀, àwọn páìpù ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ ga, ibẹ̀ gan-an sì ni ilẹ̀kùn mọ́tò máa ń wà. Bí wọ́n bá gé wọn, ọkọ̀ ò ní lè dúró gírí mọ́. Òkè nìkan ló wá ṣẹ́ kù fún ilẹ̀kùn.

Ìbéèrè: Àwọn alákòóso ìdíje ò wá ta kò ó?

Ìdáhùn: Wọ́n kọminú sí i, torí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ kò tóbi ju fèrèsé lọ. Àmọ́ òfin ò sọ pé ẹ̀gbẹ́ ni ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí sí. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Le Mans, ìdíje wákàtí mẹ́rìnlélógún nílẹ̀ Faransé, lóṣù kẹfà, wọ́n ti fà á gùn wálẹ̀, Hermann Lang àti Fritz Riess sì gba ipò kìíní níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Karl Kling àti Hans Klenk borí nínú ìdíje kan ní Mẹ́síkò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igún kan fò wá fọ́ gíláàsì iwájú mọ́ Klenk lára.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe dé ọjà?

Ìdáhùn: Max Hoffman, tó ń ta mọ́tò Yúróòpù ní New York, ló rọ̀ wọ́n pé àwọn olówó Amẹ́ríkà á rà á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn, lóṣù kejì ọdún 1954. Wọ́n ṣe 1,400 títí di 1957.

Ìbéèrè: Kí ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Ibí yìí ló wù mí jù. Wọ́n dagun ẹ́ńjìnnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè lọ sílẹ̀. Dípò kabúrétọ̀, pọ́ǹpù tí ilé iṣẹ́ Bosch ṣe ló ń fín epo tààrà sínú sìlíńdà, bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú Jámánì nígbà ogun. Agbára ẹṣin 215 ni ó ní, ó ju ti ọkọ̀ tó borí ní Le Mans lọ! Àléébù rẹ̀ ni pé bí awakọ̀ bá pa ọkọ̀, pọ́ǹpù á ṣì máa fín epo títí ẹ́ńjìnnì á fi dúró. Epo tí kò jó á ṣàn lọ dà pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lemọ́lemọ́.

Ìbéèrè: Ṣé ó rọrùn láti gùn?

Ìdáhùn: Kò rọrùn. Sitíárì rẹ̀ ní láti dojú kọlẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó ráyè wọlé. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kì í yí wálẹ̀, inú ọkọ̀ a sì máa gbóná. Èyí tó léwu jù ni pé, bí awakọ̀ bá ṣàdédé gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo níbi kọ́ọ̀nà, ìdí ọkọ̀ lè fì í sígbó. Nígbà tí wọ́n gbé Roadster tí kò ní òrùlé líle jáde ní 1957, wọ́n tún ìdí yẹn ṣe, wọ́n sì rẹ àwọn páìpù ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti mọ́tò yòókù.