Bí igbà ṣe ń gbé akọ̀pẹ ró

Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀, tó ń wo akọ̀pẹ lókè, á rò pé agbára apá ló gbé e débẹ̀. Ẹsẹ̀ ni, àti igbà, ìyẹn okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ. Ní àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, ọ̀pẹ àgbà lè ga tó mítà 15 sí 20, àpáta ló sì pọ̀ nídìí wọn, nítorí náà igbà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú rénà.

Igbà gbọ́dọ̀ le. Okùn tó bá rọ̀ bí aṣọ á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pẹ ní kété tí akọ̀pẹ bá dẹ̀ ẹ́, kò sì ní ṣeé gbọ̀n sókè mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ́ fọ́nrán ara imọ̀ ọ̀pẹ pọ̀ títí á fi nípọn. Àwọn mìíràn ń ki wáyà inú táyà ọkọ̀ sí i. Okùn ọ̀rá lásán kò dára: ó ń yọ̀ lójú kókó, bí ó bá sì ń ha ara igi, ooru lè yọ́ ọ.

Igbà tó tó nǹkan bíi mítà 3 yóò yí ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn akọ̀pẹ ká. Orí rẹ̀ kan ní ojú. Wọ́n á gbé igbà yí ọ̀pẹ, wọ́n á ki orí kejì bọ ojú náà, wọ́n á dá a padà, wọ́n á yí i mọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á wá ki ìdí rẹ̀ sábẹ́ ìyíká àkọ́kọ́. Bí akọ̀pẹ bá ṣe ń wúwo sí i ni kókó yìí ń fún sí i. Kí ìdí tó yọ síta gùn tó àtẹ́lẹwọ́ kan, ó kéré tán.

Kó tó lọ sókè, akọ̀pẹ á gun ọ̀pẹ dé ìwọ̀n orúnkún, á fẹ̀yìn ti igbà, á fi ìdí jàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìdí okùn bá ti wọlé díẹ̀, kí ó tú u, kí ó tún un ta.

Bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀pẹ gan-an rèé: fẹ̀yìn ti igbà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara ọ̀pẹ, gbé ẹsẹ̀ kan, gbé èkejì. Lẹ́yìn náà sún mọ́ ọ̀pẹ kí igbà lè dẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì gbọ̀n ọ́n sókè bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kí o sì tún fẹ̀yìn tì í kíákíá. Kí apá igbà tó wà lára ọ̀pẹ ga ju èyí tó wà nídìí rẹ lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rù á fẹ́ dì mọ́ ọ̀pẹ, ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀, torí fífẹ̀yìn tì ni ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rin mọ́ ara igi. Lẹ́yìn òjò, ara ọ̀pẹ a máa yọ̀ bí ilá, ẹ fi í sílẹ̀ títí oòrùn yóò fi gbẹ ẹ́.

Lókè ni ewu pọ̀ sí, nítorí àdá. Ìdì ẹyìn kan lè wọn kílò 10 sí 25. Akọ̀pẹ á kọ́kọ́ gé imọ̀ tó wà lábẹ́ ìdì, lẹ́yìn náà ni yóò gé ọrùn ìdì, ṣùgbọ́n àdá kò gbọdọ̀ kọjú sí igbà rárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá fi ṣìnà, ó lè gé e. Okùn kejì, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pẹ kí iṣẹ́ àdá tó bẹ̀rẹ̀, wúlò gan-an. Kí a sì yẹ àárín imọ̀ wò fún agbọ́n àti ejò ṣáájú.

Sísọ̀kalẹ̀ ni gígùn lẹ́yìn-sí-wájú. Ẹni tó bá jẹ́ kí igbà máa yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bó fọ́nrán ara rẹ̀. Bí ó bá délé, kí ó gbé e kọ́, kí ikán àti eku má baà rí i jẹ. Bí fọ́nrán kan bá ti já, ó ti di okùn ìdì igi.