Ṣé kí n fi ₦400,000 ra kọ́bọ̀ oníhò ti Ọba Edward?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnì kan tó ń ta nǹkan àtijọ́ fi kọ́bọ̀ oníhò kan, ìyẹn pẹ́nì ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, hàn mí. 1936 ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ Edward Kẹjọ, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọba yẹn kò pẹ́ lórí oyè, torí náà owó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú. ₦400,000 ló pè é. Owó tí mo ń tù jọ láti fi ra jẹnẹrétọ̀ nìyẹn o. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ẹ lọ ra jẹnẹrétọ̀ yín.

Ìtàn tí ọkùnrin náà sọ fún yín kì í ṣe irọ́ o, ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Edward gorí ìtẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1936. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti gbé adé sílẹ̀ nítorí Wallis Simpson, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi ṣaya. Wọn kò tilẹ̀ tíì dé e ládé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí wọ́n fẹ́ ya orí rẹ̀ sí kò jáde sọ́wọ́ ará ìlú rárá. Ìwọ̀nba tí wọ́n tẹ̀ láti fi dán an wò ló wà. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n fi wúrà ṣe, ẹnì kan san mílíọ̀nù kan pọ́ùn lé e lórí ní 2020. Ibẹ̀ ni òǹtajà yín ti gbé ìtàn tirẹ̀. Kọ́bọ̀ yín kọ́ ni ìtàn náà ń bá wí.

Ìbéèrè: Ọba kan náà, ọdún kan náà. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ìdáhùn: Ihò àárín rẹ̀ ni. Ẹ gbé kọ́bọ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó: adé wà lókè ihò, orúkọ ọba yí etí rẹ̀ ká. Ẹ yí i padà, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló yí ihò náà ká. Níbo ni orí ọba wà? Kò sí. Ibi tí ìbá wà ni wọ́n lu.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi kí wọ́n ya orí ọba, kí ọba sì fọwọ́ sí i. Edward tún ní apá òsì ni kí wọ́n kọ ojú òun sí, bẹ́ẹ̀ àṣà wọn ni pé ọba tuntun kì í kọjú síbi tí ẹni tó jẹ ṣáájú rẹ̀ kọjú sí. Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ni ọba ti bọ́ lórí oyè. Tiwa kò gba wàhálà kankan: wọ́n yọ orúkọ George, bàbá rẹ̀ tó jẹ ṣáájú, wọ́n fi Edward sí i, ó parí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní London, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nílé iṣẹ́ méjì ní Birmingham. Bí ẹ bá rí H lára rẹ̀, Heaton ni, KN sì ni King's Norton. Oníní (ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀), ẹ́pìnì (ààbọ̀ kọ́bọ̀) àti kọ́bọ̀, mílíọ̀nù mílíọ̀nù ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n kó wá sí Nàìjíríà, Gold Coast (Ghana òde òní), Sierra Leone àti Gambia. Èyí tó ti gbó díẹ̀, pọ́ùn mélòó kan ni wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Ṣé kò wá sí èyí tó wọ́n nínú owó àtijọ́ tiwa ni?

Ìdáhùn: Ó wà. Ẹ mú oníní tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ fún wa ní 1907. Alumíníọ̀mù ni, bíi ti ìkòkò ọbẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa jẹ ẹ́, nígbà tó fi máa di 1908 wọ́n ti gbé irin mìíràn tó le jù ú lọ wá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, àmọ́ èyí tí ara rẹ̀ ṣì dán kò pọ̀. Bí ara owó bá ṣe rí lónìí ló ń pinnu iye rẹ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ owó àtijọ́ láé. Mo jogún tọ́rọ́ onígun méjìlá ti 1959 lọ́wọ́ ìyá ìyá mi. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o títí ó fi ń tàn yòò. Inú mi dùn dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń kó owó jọ. Ó gbé e sábẹ́ dígí, ó rí gbogbo ibi tí eérú ti ha á, ó dá a padà fún mi láìsọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Bí mo bá tilẹ̀ rí èyí tó wọ́n lóòótọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú?

Ìdáhùn: Sùúrù ni. Ẹ kọ́kọ́ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn: kọ́bọ̀ oníhò ti 1936 kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi wé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé àwọn tó ń kó owó jọ. Fún owó gọbọi, ẹ ra èyí tí PCGS tàbí NGC, àwọn ilé iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà tó ń yẹ owó àtijọ́ wò, ti yẹ̀ wò, tí wọ́n fún ní máàkì láàárín 1 sí 70, tí wọ́n sì tì mọ́ inú ike. Àwọn oníjìbìtì ń ṣe ayédèrú ike náà pẹ̀lú o, torí náà ẹ yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò lórí ìkànnì wọn.

Ìbéèrè: Òǹtajà náà ní bí mo bá pa á mọ́ fún ọdún mẹ́wàá, owó rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́ta.

Ìdáhùn: Owó wúrà, bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ ìtàn rẹ̀, wọ́n ṣì lè yọ́ ọ tà. Kọ́bọ̀ yín, ta ló fẹ́ yọ́ ọ? Bí ẹ bá tún gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ta owó ní gbàǹjo, wọ́n á yọ tiwọn lára yín, wọ́n á tún yọ lára ẹni tó rà á.

Bí ìtàn ọba tó torí obìnrin sá lórí ìtẹ́ bá wù yín, ẹ ra kọ́bọ̀ kan, àmọ́ kó má kọjá ₦10,000. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ọkùnrin yẹn, ẹ bi í pé: "Bí mo bá gbé e padà wá lọ́la, èló lẹ máa rà á lọ́wọ́ mi?" Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀.