Ihò Tí Wọ́n Lu Sára Ògiri Nítorí Ṣọ́jà

Ní Sierra Vista, ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, bárékè Fort Huachuca kò jìnnà sí ilé oúnjẹ McDonald's kan. Òfin ológun ìgbà náà kò gbà kí ṣọ́jà tó wọ aṣọ iṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ara rẹ̀ níta bárékè. Owó wà lápò, ebi ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ilé oúnjẹ náà bá lu ihò sára ògiri. Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1975, McDonald's ní fèrèsé onímọ́tò (drive-thru) rẹ̀ àkọ́kọ́, níbi tí awakọ̀ ti ń ra oúnjẹ láìsọ̀ kalẹ̀.

Èyí tó pani lẹ́rìn-ín ni pé McDonald's fúnra rẹ̀ ló ti lé oníbàárà jáde nínú mọ́tò tẹ́lẹ̀. Láti 1921 tí ilé oúnjẹ Pig Stand ti bẹ̀rẹ̀ ní Dallas ni òṣìṣẹ́ ti ń gbé oúnjẹ wá bá oníbàárà nínú ọkọ̀. Owó oṣù àwọn agbóúnjẹ wọ̀nyí ń pọ̀ jù, ife ń fọ́, ṣíbí ń sọnù, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi mọ́tò dí àyè láìra nǹkan gidi. Ní 1948, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò McDonald, tó dá McDonald's sílẹ̀, ti ilé oúnjẹ wọn ní San Bernardino, ìpínlẹ̀ California, pa fúngbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí, kò sí agbóúnjẹ mọ́, nǹkan mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ń tà, bọ́gà di sẹ́ǹtì 15, kálukú sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá gba tirẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní Baldwin Park, ní California kan náà, Harry àti Esther Snyder dá In-N-Out sílẹ̀: ṣọ́ọ̀bù kékeré tí kò ní àga, tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rọ yìí ṣe pàtàkì ju fèrèsé lọ. Bí kò bá sí, ojú fèrèsé ni awakọ̀ yóò ti sọ ohun tó fẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò dúró sí títí ẹran yóò fi jinná, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá wà, ẹran ti wà lórí iná kí mọ́tò tó dé. Ilé oúnjẹ Jack in the Box lò ó ní San Diego ní 1951. Ilé oúnjẹ Wendy's ṣí fèrèsé tirẹ̀ ní 1970.

Ẹ̀gbẹ́ tí fèrèsé wà tún ṣe kókó. Apá òsì ni awakọ̀ Amẹ́ríkà ń jókòó sí, bíi tiwa ní Nàìjíríà, nítorí náà mọ́tò gbọ́dọ̀ fi ilé sí apá òsì bó ṣe ń yí i ká. Ní Ìlú Ọba, apá ọ̀tún ni. Bí wọ́n bá ṣì í, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni yóò máa na ọwọ́ sanwó. Bí ẹnì kan bá ra oúnjẹ èèyàn mẹ́wàá, wọ́n á ní kó sún síwájú lọ dúró níbi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n á gbé e wá bá a. Iṣẹ́ agbóúnjẹ tún padà dé nìyẹn.

Ní 1996, wọ́n gbé fèrèsé yìí dé orí òkè yìnyín Lindvallen, ní Sälen ní Sweden, wọ́n sì sọ ọ́ ní McSki. Ẹni tó wọ pákó ìyọ̀, pákó gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, sẹ́sẹ̀ á yọ̀ dé ojú fèrèsé, á sanwó, á gba oúnjẹ láìbọ́ pákó. Ọ̀rọ̀ òsì tàbí ọ̀tún ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá méjì tó fi ń tì ara rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì níbi tí yóò gbé kọ́fí lé. Àga wà nínú ilé fún ẹni tí òtútù bá mú.