Ṣé olùkọ́ tí kò mọṣẹ́ ni wọ́n ń rán kóòṣì sí?

Tí kóòṣì, ìyẹn ẹni tó ń wo olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kó lè ràn án lọ́wọ́ láti túbọ̀ mọ̀ ọ́n kọ́, bá ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì olùkọ́ kan, ohun tí àwọn yòókù máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé, "Wọ́n ti rí i pé kò kájú òṣùwọ̀n." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun èmi tí mò ń ṣe kóòṣì, torí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ́ tó dá olùkọ́ yẹn lójú jù ni yóò kọ́, àwọn ọmọ tó yára lóye nìkan ni yóò máa pè. Kí wá ni kóòṣì fẹ́ bá a ṣe sí i?

Atul Gawande, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ lọ́dún 2011 pé lẹ́yìn ọdún 8 lẹ́nu iṣẹ́, òun bẹ ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ pé kó wá wo bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, inú rẹ̀ dùn. Ọ̀gá ní iná ti yẹ̀ kúrò lójú ibi tó ń gé fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kò sì fura. Ìgbúnwọ́ rẹ̀ náà ń gbéra sókè. Ṣé ẹni tí kò mọṣẹ́ nìyẹn? Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń báni rí tẹni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Bruce Joyce àti Beverly Showers, àwọn olùwádìí nípa ẹ̀kọ́, ti ṣàlàyé pé olùkọ́ lè gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó lóye gbogbo ẹ̀, síbẹ̀ kí ohun tó kọ́ níbẹ̀ má dé kíláàsì rẹ̀ bí kò bá sẹ́ni tó ń bá a rìn lẹ́yìn náà. Nígbà tí olùwádìí míì, Matthew Kraft, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 60 jọ lọ́dún 2018, wọ́n rí i pé kóòṣì ń mú kí ìkọ́ni sunwọ̀n sí i, máàkì àwọn ọmọ náà sì ń gòkè.

Mo jókòó ti olùkọ́ kan rí tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo kọ sílẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè kí wọ́n tó pe ọmọ míì tàbí kí wọ́n dáhùn fúnra wọn. 1, 1, 2, 1. Mo gbé bébà náà fún wọn láìsọ nǹkan kan. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Èmi rò pé mo máa ń dúró dè wọ́n ni." Àwọn fúnra wọn ló ní àwọn á máa ka 3 sínú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí i bí wọ́n ṣe ń jẹ ètè nígbà tí kíláàsì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n lára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè níbi tí kì í ti í gòkè tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ o, ẹ̀rù tó ń ba àwọn olùkọ́ kì í ṣe lásán. Níbi tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ti ń gba ìròyìn lọ́wọ́ kóòṣì, amí ni kóòṣì yẹn, ó sì tọ́ kí olùkọ́ fi nǹkan pa mọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá ọ̀gá ṣàdéhùn lójú olùkọ́ kí n tó wọ kíláàsì ẹnikẹ́ni: ọ̀gá lè mọ ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́ àti ohun tí a ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Bó bá fẹ́ ṣàyẹ̀wò olùkọ́, kó lọ fúnra rẹ̀. Bébà tí mo bá kọ nǹkan sí, ọwọ́ olùkọ́ ló ń wà, n kì í tọ́jú ẹ̀dà kankan.