Éékà Ni Àgbẹ̀ Ń Rà, Wákàtí Ni Katakata Ń Jẹ

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní Ìsẹ́yìn, ní Ṣakí tàbí ní Kíṣi, fóònù àwọn tó ní katakata kì í sinmi mọ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo àgbẹ̀ ń béèrè: "Èló lẹ ń tú éékà kan báyìí?" Èsì tí ọ̀pọ̀ oníkatakata ń fún wọn kò ti inú ìṣirò kankan wá. Wọ́n á wádìí iye tí ẹnìkejì wọn ń gbà, wọ́n á yọ 1,000 tàbí 2,000 náírà kúrò níbẹ̀ kí oníbàárà má baà sá lọ, ó parí. Bí ẹnìkejì yẹn bá ń pàdánù láìmọ̀, gbogbo àdúgbò á jọ máa pàdánù ni.

Òṣùwọ̀n méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Éékà ni àgbẹ̀ ń rà. Katakata kò mọ éékà. Wákàtí ló mọ̀. Wákàtí ló fi ń mu dísẹ́ẹ̀lì, wákàtí ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fi ń dúdú, wákàtí ni táyà fi ń jẹ. Níwájú dírẹ́bà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí hàn, nọ́ńbà kéékèèké kan wà tó ń ka wákàtí. Lára ọ̀pọ̀ katakata tòkunbọ̀, ó ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe, torí katakata ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Nọ́ńbà yẹn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ tún ṣe, kó tó kan ọ̀dà.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú éékà kan ṣoṣo. Éékà tó pé jẹ́ 4,047 mítà onígun mẹ́rin, ìyẹn ilẹ̀ tó gùn ní mítà 64 tó sì fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 64. Pláù olójú mẹ́ta máa ń la nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà katakata á gba oko náà kọjá nígbà 71 kó tó tú u tán. Tó bá ń rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá 46 ni yóò fi ti etí oko kan dé ìkejì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 54. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá dé etí oko, dírẹ́bà á gbé pláù sókè, á yí ọkọ̀ padà, á tún sọ pláù kalẹ̀. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá 15 péré nìyẹn ń gbà, ìgbà 70 tó máa yí á jẹ ìṣẹ́jú 17 àbọ̀. Ìṣẹ́jú 72 ni éékà kan gbà: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 12.

Ká wá mú oko éékà márùn-ún tó fẹ̀ ní mítà 64 yẹn náà, àmọ́ tó gùn ní mítà 320. Iye ìgbà tí katakata máa yí kò fi ẹyọ kan pọ̀ sí i. Wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 50 ni gbogbo rẹ̀, éékà kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú 58 lọ. Ilẹ̀ kan náà, pláù kan náà, dírẹ́bà kan náà. Gígùn oko nìkan ló yàtọ̀. Ẹni tó ń gba iye kan náà lọ́wọ́ oníéékà kan àti oníéékà márùn-ún ń fi owó ẹnì kan bo àdánù ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Oko tó wọ́, tí òkìtì ọ̀gán wà láàárín rẹ̀, tí igi emi mẹ́ta dúró sí káàkiri, burú ju oníéékà kan lọ, nítorí gbogbo òkìtì ọ̀gán ni dírẹ́bà gbọ́dọ̀ rọra yí ká.

Ó kan owó. Gbogbo iye tó wà nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí wọ́n ṣe tò ó. Ká ní katakata àti pláù rẹ̀ máa ná èèyàn ní mílíọ̀nù 24 náírà, kó ṣiṣẹ́ fún ọdún 5, kí wọ́n sì tà á ní mílíọ̀nù 6 lẹ́yìn náà. Mílíọ̀nù 18 ti lọ láàárín ọdún márùn-ún yẹn, ìyẹn mílíọ̀nù 3.6 lọ́dún. Owó ogbó nìyẹn. Èlé owó tí wọ́n fi rà á ṣì wà níbẹ̀, bóyá báńkì ló yá wọn o, bóyá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni: ká pè é ní mílíọ̀nù 3 lọ́dún. Fi 400,000 kún un fún ọdẹ, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti owó ẹgbẹ́. Mílíọ̀nù 7 náírà ni katakata yìí ń jẹ lọ́dún, kódà bó jẹ́ abẹ́ igi ló sùn sí láti oṣù kìíní títí di oṣù kejìlá.

Tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 500 lọ́dún, 14,000 náírà ló bọ́ sórí wákàtí kọ̀ọ̀kan nínú mílíọ̀nù 7 yẹn. Tó bá ṣe wákàtí 700, ó di 10,000. Lẹ́yìn èyí ni ìnáwó tí gbogbo ayé ń rí: dísẹ́ẹ̀lì lítà 8 ní wákàtí kan, ká sọ pé 1,100 náírà ni lítà, 8,800 nìyẹn, àtúnṣe, ọ́ìlì àti fílítà, 4,200, dírẹ́bà àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, 2,000. Ó jẹ́ 15,000. Pa á pọ̀ mọ́ 14,000, wákàtí kan di 29,000 náírà. Éékà tó gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 12 á wá jẹ́ 34,800, kó tó di pé wọ́n fi kọ́bọ̀ èrè kan lé e. Fi ìdá 15 nínú 100 lé e, ó di nǹkan bí 40,000.

Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ká ní 25,000 ni wọ́n ń gbà lágbègbè náà. Oníkatakata á wo dísẹ́ẹ̀lì tó lọ sórí éékà náà, kò tó 10,600. Owó dírẹ́bà, 2,400. Ó ṣẹ́ku 12,000 lápò. Inú rẹ̀ á dùn, á fi san owó ilé ìwé ọmọ. Kò mọ̀ pé 34,800 ni éékà náà ná òun, pé òun ti fi 9,800 náírà ta katakata òun lórí éékà yẹn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń já òrùlé ilé rẹ̀ dáná. Ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ni yóò tó hàn sí i, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá béèrè àtúnṣe ńlá tí owó rẹ̀ kò sí níbì kankan. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí katakata àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń yá àgbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú nígbà kan: owó tó ń wọlé kò tó ra ẹ̀yà ara wọn, wọ́n sì pọ̀ nínú ọgbà ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn tí ipata jẹ tán.

Iye tí wọ́n fi ra katakata nígbà náà kọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ogbó o. Iye tí wọn yóò fi ra òmíràn lónìí ni. Ẹni tó ra tirẹ̀ kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa dá iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní ọjà ìjọba nígbà náà. Kí ó tó di oṣù kẹta ọdún 2024, ó ti ti 1,500 kọjá. Katakata, díìsì tó jẹ́ ojú pláù, àti táyà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti ń wá. Ẹni tó ń yọ owó ogbó sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye àtijọ́ á kó owó rẹ̀ lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan, kò sì ní ju táyà ẹ̀yìn méjèèjì lọ tó máa rí rà.

Kí ló ń pinnu bóyá wákàtí 500 ni tàbí 700? Òjò ni. Ilẹ̀ tó gbẹ jù kò ní gba pláù, èyí tó rin jù á lẹ̀ mọ́ díìsì bí ẹ̀kọ, katakata á sì rì. Láàárín òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, ọjọ́ tí ilẹ̀ dára fún títú kò pọ̀ tó bí èèyàn ṣe rò. Ọjọ́ kan tó bá sì ṣòfò nínú wọn nítorí béárìn tí kò sí ní Ṣakí, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ rà á ní Ìbàdàn, ó burú ju ọjọ́ mẹ́wàá nínú ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ra béárìn, béélítì àti bóòtù pamọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìṣirò á yí padà díẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi katakata kó ẹ̀gẹ́ tàbí kó fi pa àgbàdo, tó ní 20,000 lòun lè san ní wákàtí kan, ó kéré sí 29,000, ṣùgbọ́n ó ju 15,000 tó ń jáde lápò lọ. 5,000 tó kù á gbé díẹ̀ nínú mílíọ̀nù 7 tí yóò jáde bópẹ́ bóyá. Ó dára kí wọ́n gbà á. Àmọ́ kí iye yẹn má ṣe bá wọn wọ inú òjò, torí oníbàárà kì í gbàgbé iye tó kéré jù tó san rí.

Ọ̀nà náà ń jẹ wákàtí. Katakata tó ń lọ tú éékà kan ní kìlómítà 12 sí ilé máa ń lo nǹkan bíi wákàtí kan láti lọ àti láti bọ̀. Kò tú ohunkóhun, àmọ́ wákàtí ń kà. Ìdí nìyí tí àwọn kan kì í fi í jáde fún ohun tí kò bá tó éékà mẹ́ta, tí àwọn mìíràn sì ń gba owó ìrìn lọ́tọ̀. Èyí tó tún sàn ni kí alágbàtà kan kó àgbẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ní abúlé kan jọ, kí katakata dé lẹ́ẹ̀kan, kó sùn síbẹ̀. Owó alágbàtà máa ń dun oníkatakata, ṣùgbọ́n ó kéré sí owó ojú ọ̀nà.

Éékà ẹnu sì yàtọ̀ sí éékà ilẹ̀. Àgbẹ̀ ní mẹ́ta ni. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 3.7. Éékà 0.7 yẹn, ìṣẹ́jú 50 ọ̀fẹ́ ni. Fóònù olówó pọ́ọ́kú ti lè wọn oko báyìí bí èèyàn bá rìn yí etí rẹ̀ ká, ìgbà tó sì yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n ni kí pláù tó kan ilẹ̀, kí olóko wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń rìn yẹn náà ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá kùkùté. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igi rẹ̀ máa ń dára lójú, àmọ́ kùkùté emi tí koríko bò mọ́lẹ̀ lè fọ́ díìsì kan, kó tún tẹ apá pláù, kí iṣẹ́ wẹ́dà sì jẹ èrè éékà márùn-ún. Nítorí náà, iye ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀ tuntun ń gbà, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kùkùté tí olóko kò bá fi hàn, òun ni yóò san owó àtúnṣe rẹ̀. Àwọn kan kì í tilẹ̀ gba ilẹ̀ tuntun rárá, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ti hárò, èyí tó ń fọ́ ògúlùtu ilẹ̀ tí pláù ti tú, àti ti kíkọ ebè kò ṣòro: hárò gbòòrò ju pláù lọ, ó sì yá jù ú lọ, kí wọ́n ka wákàtí rẹ̀ bákan náà.

Àwìn ń kọ́? Àgbàdo á gba oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó di owó, ẹ̀gẹ́ lè tó ọdún kan. Oníkatakata tó bá gbà pé kí wọ́n san án lẹ́yìn ìkórè ti di báńkì, láìgba èlé. Ìdajì kí katakata tó wọ oko, ìdajì kó tó jáde: bí àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ti dírẹ́bà náà wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ éékà ni wọ́n fi ń sanwó fún un, á sáré, á jẹ́ kí pláù máa họ ojú ilẹ̀ lásán. Tó bá sì jẹ́ owó oṣù ni, á tú éékà mẹ́rin, á kọ mẹ́ta sílẹ̀. Bí nọ́ńbà wákàtí bá ń ṣiṣẹ́, èyí á tètè hàn: wákàtí tó ṣe pín sí éékà tó kọ sínú ìwé. Bó bá ti ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ lórí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀.

Ó ku dísẹ́ẹ̀lì, tí iye rẹ̀ lè yí padà láàárọ̀ kan. Nínú ìṣirò òkè yìí, éékà kan ń mu lítà 9.6. Bí lítà bá fi 100 náírà gbówó lórí, éékà gbọ́dọ̀ fi 960 náírà lọ sókè, láìsí àríyànjiyàn. Ìdí tí àwọn kan fi ń kọ ọ́ sórí ìwé tí wọ́n ń fún àgbẹ̀ nìyẹn: iye éékà, iye tí dísẹ́ẹ̀lì jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá a, àti pé ọjọ́ méje ni iye náà fi dúró.