Kì í ṣe gbogbo hẹlikópítà Grand Canyon ló ń wọ inú àfonífojì

Bí ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà bá ti sọ fún bàbá àti ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta pé òun yóò mú wọn lọ wo Grand Canyon, ohun tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni fídíò tó ń káàkiri lórí WhatsApp: hẹlikópítà sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ògiri òkúta pupa, ó bà sẹ́bàá odò, àwọn èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé ọ̀kan náà ni gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì hẹlikópítà Grand Canyon, pé iye owó nìkan ló yàtọ̀, kí ọmọ sáà ra èyí tó dínwó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì máa ń dùn mí bí àgbàlagbà bá fò kọjá òkun tán, tó wá rí i pé ohun tí òun ń retí kò sí nínú ohun tí wọ́n sanwó fún.

Grand Canyon gùn tó kìlómítà 446. Odò Colorado ló gbẹ́ ẹ sínú aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Arizona. Níbi tó fẹ̀ jù, láti etí kan sí èkejì tó kìlómítà 29, ibi tó sì jìn jù níbẹ̀ ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ. Ẹni tó bá rí odò Ògùn ní Lafẹ́nwá kò tíì rí i níbi tó ti ń wọ ọ̀sà l'Ékòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àfonífojì yìí. Ibi méjì pàtàkì ni hẹlikópítà ti ń gbé àwọn èrò fò níbẹ̀: Tusayan, ìlú kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń dáàbò bo àfonífojì náà, ní etí gúúsù, àti Grand Canyon West, lórí ilẹ̀ àwọn Hualapai, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò lọ láti ọ̀kan sí èkejì, ìrìn wákàtí mẹ́rin ni, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Tusayan, hẹlikópítà kì í wọ inú àfonífojì, kì í sì í bà sísàlẹ̀. Ó ní ìdí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1986, hẹlikópítà àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ àti bàálù kékeré kan forí gbárí lójú òfurufú ibẹ̀, gbogbo ènìyàn 25 tó wà nínú méjèèjì ló kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì di 1988, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú fi òǹtẹ̀ lù ú pé bàálù afẹ́ kò gbọdọ̀ fò nísàlẹ̀ etí àfonífojì nínú ọgbà náà, àti pé ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ lójú òfurufú nìkan ni wọ́n gbọdọ̀ máa gbà. Mo fara mọ́ òfin yìí tọkàntọkàn. Yàtọ̀ sí pé ó ń dá ẹ̀mí sí, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdákẹ́jẹ́. Ohun tí Tusayan ní tí ibòmíràn kò ní ni títóbi àfonífojì náà. Ìrìn bíi ìṣẹ́jú 25 sí 30 níbẹ̀ máa ń gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Dragon Corridor, níbi tí àfonífojì náà ti fẹ̀ tó sì jìn jù.

Fídíò WhatsApp yẹn, Grand Canyon West ni wọ́n ti yà á. Ilẹ̀ àwọn Hualapai bá etí àfonífojì náà lọ fún nǹkan bíi kìlómítà 174. Ilẹ̀ tiwọn ni, kì í ṣe inú ọgbà. Ìdí nìyí tí hẹlikópítà fi lè bà sẹ́bàá odò níbẹ̀. Jíjìn rẹ̀ lápá ibẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1,200, kò sì fẹ̀ tó ti inú ọgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni kó lọ.

Las Vegas, ìlú ńlá ní ìpínlẹ̀ Nevada, ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Èyí tó pọ̀ jù nínú hẹlikópítà tó ń gbéra níbẹ̀, Grand Canyon West ló ń lọ, nǹkan bíi ìṣẹ́jú 45 ni àlọ, iye kan náà ni àbọ̀, wọ́n sì máa ń gba orí ìdídò ńlá Hoover Dam kọjá. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn wà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni yóò gbé yín fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ẹ óò wá wọ hẹlikópítà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ẹ má wo iye wákàtí tí wọ́n kọ sójú tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ọmọ yín béèrè pé: ìṣẹ́jú mélòó la máa lò lójú òfurufú, níbo la ti máa gbéra, ṣé a máa bà sísàlẹ̀?

Kó tún béèrè nípa táǹkì epo. Ní oṣù kejì ọdún 2018, hẹlikópítà kan já ní Grand Canyon West, ó sì gbiná. Ènìyàn 5 nínú 7 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Irú táǹkì kan wà tí kì í tètè bẹ́ bí ọkọ̀ bá já. Iléeṣẹ́ tó bá ní in kò ní fi pamọ́.

Wọn yóò wọn yín kí ẹ tó wọlé, nítorí ìwọ̀n ara ló ń pinnu ìjókòó kí ọkọ̀ má baà fì sápá kan. Ẹni tó bá wúwo ju nǹkan bíi kílò 125 sí 136 sábà máa ń san owó kún un. Kí ẹ̀yin ìyá má bínú, kì í ṣe ìwọ̀sí. Àárọ̀ ni kí ẹ yàn, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, torí atẹ́gùn máa ń rú sókè lọ́sàn-án nínú ooru aṣálẹ̀. Agbádá, fìlà àti gèlè kò yẹ nítòsí abẹ́bẹ̀ tó ń yí. Aṣọ funfun náà kò dára, torí òjìji rẹ̀ máa ń hàn nínú gíláàsì fèrèsé, yóò sì ba fọ́tò jẹ́. Bùbá àdìrẹ aláró tó dúdú dáadáa láti Ìtòkú ló dára jù.